Lẹ́tà ọdún 14 wà lórí laptop àtijọ́ kan, báwo la ṣe máa kó o lọ sínú Gmail láìsọ ọ̀kankan nù?

Akọ̀wéÌlú (Òṣogbo)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí, ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ìjẹta. Oṣù tó kọjá ni wọ́n yàn mí ní akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, Bàbá tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi ti ṣe é fún ọdún 14 kí wọ́n tó ní ó ti rẹ àwọn, wọ́n wá gbé laptop tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ẹgbẹ́ lé mi lọ́wọ́. Windows 7 ló wà lórí ẹ̀, Windows Live Mail ni wọ́n sì fi ń gba lẹ́tà látọjọ́ yìí wá. Gbogbo nǹkan ẹgbẹ́ ló wà níbẹ̀, lẹ́tà àwọn ọmọ ìlú tó wà ní London àti Houston nípa owó ilé ìwòsàn, rìsíìtì, orúkọ àwọn tó dáwó ẹ̀rọ omi, àkọsílẹ̀ ìpàdé, àti kọ́ńtáàtì tó tó 400.

Bátìrì ẹ̀ ti kú pátápátá, tí wọ́n bá mú iná lọ pẹ́nrẹ́n òun náà kú. Mo wá ní kí n wọ àkáǹtì ẹgbẹ́ lórí fóònù mi, mo rò pé màá bá gbogbo lẹ́tà yẹn níbẹ̀, àfi bí mo ṣe bá lẹ́tà 17 péré. Àyà mi já. Ibo ni ìyókù wọ̀ sí? A ti ṣí Gmail tuntun fún ẹgbẹ́, báwo ni mo ṣe máa kó gbogbo ẹ̀ lọ síbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mi ò ṣe irú ẹ̀ rí.

AtúnKọ̀ǹpútàṣe

Akọ̀wé wa, ẹ kú oríire o. Ẹ fara balẹ̀, lẹ́tà yín ò sọnù, àmọ́ ẹ má tíì ṣí Windows Live Mail yẹn rárá títí ẹ ó fi ka ohun tí mo fẹ́ẹ́ sọ tán.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé POP ni Bàbá ń lò. Ẹ rántí àpótí lẹ́tà tí àwọn èèyàn máa ń ní ní ilé ìfìwéránṣẹ́ láyé ọjọ́sí, téèyàn bá ti lọ kó lẹ́tà ẹ̀ wálé, àpótí ti ṣófo nìyẹn, ilé ẹ̀ nìkan ni lẹ́tà wà. Bí POP ṣe rí nìyẹn, ó ń kó lẹ́tà kúrò lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ń fúnni ní ímeèlì, wá sórí kọ̀ǹpútà tiwa, àfi téèyàn bá sọ fún un pé kó fi ẹ̀dà sílẹ̀ níbẹ̀. IMAP ò rí bẹ́ẹ̀, orí sáfà ni lẹ́tà máa ń wà, ohun tí ẹ ń rí lórí fóònù àti lórí kọ̀ǹpútà kàn jẹ́ òjìji ẹ̀ ni. Lẹ́tà 17 tí ẹ rí yẹn, àwọn tó wọlé lẹ́yìn ìgbà tí Bàbá ṣí laptop gbẹ̀yìn ni. Ìyókù, orí laptop yẹn nìkan ló wà ní gbogbo ayé. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ fara balẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ pa Wi-Fi laptop yẹn kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, tó bá jẹ́ modem ni wọ́n ń lò ẹ yọ ọ́. Tí ẹ bá ṣí Windows Live Mail tí íntánẹ́ẹ̀tì wà, ó máa lọ kó lẹ́tà 17 yẹn náà wálé, lórí laptop tí bátìrì ẹ̀ ti kú. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ Windows àti R pa pọ̀, ẹ kọ %localappdata% sínú àpótí kékeré tó máa jáde, ẹ tẹ Enter. Ẹ wọ Microsoft, ẹ máa rí fódà tí wọ́n kọ Windows Live Mail sí. Ẹ kọ́pì fódà yẹn lódindi sórí fílááṣì. Ẹ tún kọ́pì ẹ̀ sórí nǹkan mìíràn, kì í ṣe fílááṣì kan náà o. Ẹ kọ́pì ni mo sọ, ẹ má gé e kúrò níbi tó wà.

Tí ẹ bá wo inú fódà yẹn, ẹ máa rí fáìlì rẹpẹtẹ tí orúkọ wọn parí sí .eml. Lẹ́tà kan, fáìlì kan ni. Ohun tó dáa jù nípa Windows Live Mail nìyẹn, nítorí ètò tó lè ka .eml pọ̀ lọ jàra, kò dà bíi Outlook Express àtijọ́ tó máa ń ru odidi fódà pọ̀ sínú fáìlì .dbx kan, tí ìyẹn bá ti bàjẹ́ báyìí odidi fódà ló bá a lọ.

ÌyáAláṣọ (Ìbàdàn)

Akọ̀wé, lórí ọ̀rọ̀ iná yẹn, ẹ wá ẹni tó ní inverter, tàbí kí ẹ yá UPS, kí ẹ ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀. Èmi ti kọ́pì fáìlì tí wọ́n mú iná láàárín, fódà yẹn wà níbẹ̀ tó dà bíi pé ó pé, mi ò mọ̀ pé ìdajì ni títí di ọjọ́ tí mo nílò rìsíìtì oníbàárà kan. Látìgbà yẹn, tí mo bá kọ́pì nǹkan tán mo máa ń fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ fódà ti àkọ́kọ́, màá wo Properties, màá kọ iye fáìlì sórí ìwé, màá lọ wo ti fílááṣì náà. Tí iye ò bá dọ́gba, màá tún un kọ́pì.

ỌmọPeckham

Ẹ̀gbọ́n AtúnKọ̀ǹpútàṣe ti sọ gidi. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi níbí kún un. Ilé-iṣẹ́ tó ń fún wa ní íntánẹ́ẹ̀tì nílé ló tún fún wa ní ímeèlì, nígbà tó yá wọ́n ní àwọn máa ti ìdí ímeèlì yẹn pa, wọ́n fún wa ní oṣù díẹ̀. Mo kó Inbox mi, gbogbo ẹ̀ pé pérépéré, ara mi balẹ̀. Mi ò kó Sent. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni mo wá ń wá lẹ́tà tí èmi fúnra mi kọ sí lọ́yà lórí ilẹ̀ bàbá wa, ìdáhùn lọ́yà wà lọ́wọ́ mi, ohun tí mo bi í gan-an ni mi ò rí mọ́.

Akọ̀wé, ti ẹgbẹ́ ló tún wá burú jù, torí ohun tí akọ̀wé bá kọ ránṣẹ́ ni ẹ̀rí ohun tí ẹgbẹ́ ṣe ìlérí. Nínú Windows Live Mail, Sent Items wà lábẹ́ àkáǹtì, àmọ́ ẹ tún wo nǹkan tí wọ́n ń pè ní Storage folders nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń da lẹ́tà pàtàkì sí. Ẹ wo Drafts náà.

Akọ̀wéÌlú (Òṣogbo)

Ẹ ṣé gan-an ni, Olúwa á san yín lẹ́san. Mo ti kọ́pì ẹ̀ nílé àbúrò mi tó ní inverter, sórí fílááṣì kan àti sórí hard drive tó máa ń fi kó fíìmù sí. Fáìlì .eml 6,212 ni, mo kà á nígbà méjì, méjèèjì dọ́gba. Storage folders yẹn gan-an, bí ẹ̀yin ará Peckham ṣe sọ ló rí, Bàbá ti pín in lọ́dọọdún látorí 2011, fódà kan fún ọdún kan, òmíràn wà tó jẹ́ «Ilé Ìwòsàn» nìkan. Kí ló kàn báyìí? Ẹnì kan ní business centre ní òun mọ ìkànnì kan téèyàn lè gbé fáìlì sí kó bá a yí i padà lọ́fẹ̀ẹ́.

AtúnKọ̀ǹpútàṣe

Rárá o, ẹ jọ̀ọ́. Lẹ́tà ẹgbẹ́ ní nọ́ńbà àkáǹtì báńkì nínú, ó ní àdírẹ́sì ilé, ó ní orúkọ ọmọ èèyàn. Ẹ má gbé e sórí ìkànnì tí ẹ ò mọ ẹni tó ni ín, ẹ má sì fi fílááṣì yẹn sílẹ̀ ní business centre. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 gan-an kan ẹgbẹ́ yín.

Thunderbird lẹ máa lò, ètò ímeèlì ọ̀fẹ́ ni, ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà tó dáa, kì í ṣe ti Bàbá. Àwọn kan máa ní kí ẹ so Gmail mọ́ Windows Live Mail kí ẹ sì fa lẹ́tà látinú àkáǹtì kan sínú èkejì lórí laptop yẹn náà. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́, àmọ́ láti January 2017 ni Microsoft ti dẹ́kun àtìlẹ́yìn fún Windows Live Mail, Windows 7 náà ti dẹ́kun láti January 2020, èmi ò lè fi ohun tí ò ní ẹ̀dà mìíràn ṣe ìdánwò lórí irú ẹ̀.

Tí ẹ bá ti gbé Thunderbird sí i, ẹ so Gmail ẹgbẹ́ mọ́ ọn. Kí ẹ rí i dájú pé IMAP lẹ mú o, kì í ṣe POP, kó má lọ di pé lẹ́yìn ọdún mélòó kan akọ̀wé mìíràn á tún wá bá lẹ́tà 17. Lẹ́yìn náà ẹ lọ síbi Add-ons, ẹ wá ImportExportTools NG, ẹ fi kún un. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ Local Folders, ẹ máa rí orúkọ ẹ̀ níbẹ̀, ẹ yan èyí tó máa kó gbogbo .eml inú fódà kan àti ti àwọn fódà tó wà nínú ẹ̀. Ẹ nawọ́ sí ẹ̀dà orí hard drive. Ó lè pẹ́ díẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Orí kọ̀ǹpútà yín ṣì ni gbogbo èyí wà, kò tíì dé Gmail. Tó bá ti wọlé sí Local Folders, ẹ wá máa kọ́pì ẹ̀ lọ́dọọdún sínú Gmail, ẹ mú 2011, ẹ kọ́pì ẹ̀, ẹ dúró kó tán, ẹ kà á, kí ẹ tó mú 2012. Ẹ má dà á lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Google fi ààlà sí iye tó lè gba IMAP wọlé lójúmọ́, nǹkan bíi 500 MB ni, tí ẹ bá kọjá ẹ̀ ó lè ti àkáǹtì yẹn fúngbà díẹ̀, àwọn èèyàn á wá rò pé ẹnì kan ti jí pásíwọọ̀dù àwọn. Ẹ tún rántí pé 15 GB tí Gmail fi ń ṣọ̀fẹ́, òun náà ni Google Drive àti Photos jọ ń pín.

ÌyáAláṣọ (Ìbàdàn)

Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí èmi so Gmail mọ́ ètò ímeèlì mi, pásíwọọ̀dù tí mo mọ̀ dájú ló ní kò tọ̀nà. Ẹnì kan ní kí n lọ gba app password. Ṣé Akọ̀wé náà á gba ìyẹn?

ỌmọPeckham

Ó dọ́wọ́ ètò tí ẹ ń lò, ma. Láti 30 May 2022 ni Google ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ pásíwọọ̀dù lásán fún àwọn ètò àtijọ́. Thunderbird tòní máa ṣí ojú ìwé Google fúnra ẹ̀, ibẹ̀ lẹ máa wọlé sí, kò sí app password nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ ètò àtijọ́ tí ò mọ ojú ìwé yẹn, ẹ máa kọ́kọ́ tan 2-Step Verification, ìyẹn ìwọlé onípele méjì, Google á wá fún yín ní app password, kóòdù tó ní álífábẹ́ẹ̀tì 16, tí ẹ máa fi rọ́pò pásíwọọ̀dù nínú ètò yẹn nìkan.

Akọ̀wé, nọ́ńbà fóònù ta ni ẹ fi ṣí Gmail ẹgbẹ́ yẹn? Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ tiyín nìkan. Ẹ fi ti ààrẹ tàbí akápò kún un.

Akọ̀wéÌlú (Òṣogbo)

Tèmi nìkan ni o. Màá fi ti akápò sí i lónìí.

Lẹ́tà ń wọlé, mo ti dé 2016. Ọ̀rọ̀ kọ́ńtáàtì ló wá kàn, ibẹ̀ ló ti fẹ́ẹ́ sú mi. Àwọn ẹ̀ka London fi orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ránṣẹ́, wọ́n ní látinú Google Contacts làwọn ti mú un jáde ní CSV, irú fáìlì tí wọ́n fi ń to orúkọ àti nọ́ńbà bíi tábìlì. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí nínú Excel, ohun tí mo rí nìyí: arábìnrin tó ń jẹ́ Ọlá ti di á»ŒlÃ¡. Adé di AdÃ©. Nọ́ńbà fóònù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080, odo iwájú ti lọ. Àwọn tó ní +234 ti di 2.34E+12. Ṣé wọ́n ti bà á jẹ́ kó tó dé ọwọ́ mi ni?

OlùkọÈdè

Akọ̀wé, ẹ má sefù ú! Ẹ pa á dé, tó bá bi yín pé ṣé kó sefù, ẹ ní rárá. Fáìlì yẹn ò bàjẹ́, bí wọ́n ṣe ṣí i ni kò tọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, torí orúkọ wa ló máa ń jẹ níyà níbẹ̀. Àmì ọ̀rọ̀ wa, ẹ, ọ, ṣ, kì í ṣe báìtì kan ṣoṣo bíi a tàbí b. Nínú ìlànà tí wọ́n ń pè ní UTF-8, báìtì mẹ́ta ló ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, á àti é sì jẹ́ méjì méjì. Google fi UTF-8 kọ fáìlì náà. Tí ẹ bá kàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, Excel lè kà á bí ẹni pé báìtì kan, lẹ́tà kan ni, ló ṣe já Ọ sí mẹ́ta, á»Œ. Tí ẹ bá rí irú jágbajàgba bẹ́ẹ̀, báìtì yẹn ṣì pé, ó ṣeé gbà padà. Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni àmì ìbéèrè. Tí ẹ bá rí ?lá dípò Ọlá, ẹnì kan ti sefù ú ní ìlànà tí ò ní Ọ nínú, ó ti lọ nìyẹn, kò sí ètò tó lè mọ̀ bóyá Ọ ló wà níbẹ̀ ni àbí Ṣ.

Ẹ ṣe é báyìí. Ẹ ṣí Excel lófìfo, ẹ lọ sí Data, ẹ yan From Text/CSV, ẹ mú fáìlì náà, níbi File Origin ẹ yan 65001: Unicode (UTF-8). Kí ẹ tó gbà á wọlé, ẹ sọ gbogbo òpó tí nọ́ńbà fóònù wà di Text, ìyẹn ni kò ní jẹ́ kó gbé odo jẹ. Tí ẹ bá ní LibreOffice ó tún rọrùn jù, òun á kọ́kọ́ bi yín nípa méjèèjì kó tó ṣí i. Tí ẹ bá fẹ́ sefù, CSV UTF-8 lẹ máa yan, kì í ṣe CSV lásán. Tí ẹ ò bá sì ní nǹkan tí ẹ fẹ́ tún ṣe nínú ẹ̀, kí ló kan Excel nínú ọ̀rọ̀ náà? Ẹ gbé fáìlì yẹn sínú Google Contacts bó ṣe wá, orúkọ á jáde pẹ̀lú àmì ẹ̀.

Ó ku ohun kan. Ọ tó ní ìsàlẹ̀ lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà, ó sì lè jẹ́ o lásán tí wọ́n fi ìsàlẹ̀ lé lórí lọ́tọ̀, bí kíbọọ̀dù tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ bá ṣe rí. Lójú wa bákan náà ni, lójú ètò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ìdí nìyẹn tí ẹ lè rí ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀mejì tí kọ̀ǹpútà ò sì mọ̀ pé ẹnì kan ni. Tí ẹ bá ń wá àwọn tó jọra, àdírẹ́sì ímeèlì ni kí ẹ fi wá a, kì í ṣe orúkọ.

ỌmọÀjàṣẹ́ (Pọtonófò)

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Tí ẹgbẹ́ yín bá ní ọmọ ìlú tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Benin, ẹ wo nọ́ńbà wọn dáadáa. Ní 30 November 2024, gbogbo nọ́ńbà Benin kúrò ní 8, ó di 10, wọ́n fi 01 síwájú gbogbo ẹ̀. Nọ́ńbà yòówù tí ẹ bá rí tó jẹ́ +229 pẹ̀lú nọ́ńbà 8 péré lẹ́yìn ẹ̀, kò ní lọ mọ́, 01 ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé 229 yẹn. Ẹ tún un ṣe nínú CSV kí ẹ tó gbé e wọlé, ó yá ju kí ẹ máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù.

ỌmọPeckham

Àwọn ẹ̀ka London yín, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n mú Other contacts jáde pẹ̀lú. Google máa ń tọ́jú àwọn tí wọ́n kàn kọ lẹ́tà sí láìsefù wọn síbẹ̀, kì í bá Contacts jáde, lọ́tọ̀ ni wọ́n á mú un. Ti Bàbá ńkọ́? Nínú Windows Live Mail ẹ wọ Contacts, ẹ wá Export, ẹ máa rí CSV àti VCF. Ẹ mú méjèèjì jáde kí ẹ tọ́jú wọn. Wi-Fi ṣì gbọ́dọ̀ wà ní pípa o.

AtúnKọ̀ǹpútàṣe

Tí ẹ bá gbé e wọ Google Contacts, 3,000 ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan, tiyín ò tó bẹ́ẹ̀. Ó máa fi lébẹ́ẹ̀lì tó ní déètì ọjọ́ náà sí wọn, ẹ má tètè yọ lébẹ́ẹ̀lì yẹn kúrò, òun lẹ máa fi mọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Tó bá wá dàrú, Undo changes wà níbẹ̀, ó lè dá kọ́ńtáàtì yín padà sí bó ṣe wà láàárín ọjọ́ 30 sẹ́yìn. Lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ bá ti balẹ̀ ni kí ẹ tó fi Merge and fix da àwọn tó jọra pọ̀.

Akọ̀wéÌlú (Òṣogbo)

Ẹ kú alẹ́ o. Ó gbà mí ní ọjọ́ 6, gbogbo ẹ̀ ti wọlé. Ní Local Folders 6,212 ló pé, àmọ́ All Mail ti Gmail jẹ́ 6,190, ìyẹn sì ti ní lẹ́tà tí a gbà lẹ́yìn tí a ṣí i nínú, èmi náà ti ń làágùn kí n tó rí i pé Bàbá fi lẹ́tà kan náà sí fódà ọdún àti fódà «Ilé Ìwòsàn».

AtúnKọ̀ǹpútàṣe

Bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Fódà Gmail kì í ṣe fódà, lébẹ́ẹ̀lì ni. Lẹ́tà kan lè ní lébẹ́ẹ̀lì méjì, ẹ̀dà kan ṣoṣo ló máa wà ní All Mail. Ẹ ka ọdún kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ fi wé ti Local Folders. Kí ẹ má sì pa ohunkóhun rẹ́ lórí laptop Bàbá títí ọdún á fi yípo.

Akọ̀wéÌlú (Òṣogbo)

Mo ti kà á lọ́dún lọ́dún, ó dọ́gba. Kọ́ńtáàtì ti London wọlé tàmì-tàmì, Ọlá ti padà di Ọlá. Lára ti Bàbá, orúkọ 39 ló ní àmì ìbéèrè nínú bí OlùkọÈdè ṣe wí, ó jọ pé ó ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀.

Mo tẹ̀ wọ́n sórí ìwé, mo gbé e lọ bá Bàbá nílé lánàá. Wọn ò lo awò. Wọ́n ní kí n máa ka èyí tó bá kù nínú orúkọ àti ìlú tí onítọ̀hún ń gbé, wọ́n á gbọ́ ọ, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀, wọ́n á pe orúkọ yẹn jáde pẹ̀lú ti bàbá onítọ̀hún àti agboolé wọn, èmi á fi ìsàlẹ̀ àti àmì sí i lórí fóònù. A ṣe 37. Méjì ni wọn ò rántí, wọ́n ní kí n fi nọ́ńbà wọn sílẹ̀ lórí tábìlì, àwọn á pè wọ́n ní àárọ̀ òní.